Láti Orín Àtà dé Yàrá Àyẹ̀wò: Ohun tí Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì Fi Hàn nípa Egbòogi fún Àìsàn Fòníkú-fọ̀ladìde

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò bá ọmọ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pàdé nínú kíláàsì, ọ̀pọ̀ òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ti ra àgbo fún un rí. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe lórí egbò igi àtà láti ọdún 1971, ó sì fi í wé ìwádìí lórí àgbo mìíràn tí ó ti ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ aṣoògùn. Kókó iṣẹ́ náà ni pé ọ̀nà jìn láàárín kí egbòogi ṣiṣẹ́ nínú ìgò àyẹ̀wò àti kí ó ṣiṣẹ́ lára ènìyàn. Olùkọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní fi ojú tín-ín-rín wo ọgbọ́n ìbílẹ̀, kò sì ní fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá gbà pé ewé ń jẹ́, wọ́n sì gbà pé egbò ń jẹ́. Wọ́n tún máa ń sọ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ni ó kù. Ìgbàgbọ́ yìí ṣe iṣẹ́ ńlá. Òun ni kò jẹ́ kí àwọn oníṣègùn sọ̀rètí nù, tí wọ́n fi ń wá ewé tuntun kún ewé àtijọ́, tí ìmọ̀ nípa igi, ewé àti egbò fi dé ọwọ́ ìran òde òní.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ìgbàgbọ́ náà kù díẹ̀ káàtó sí. Bí àgbo bá jẹ́ fún ẹnì kan, ìròyìn rẹ̀ yóò kan gbogbo àdúgbò. Bí kò bá jẹ́ fún ẹni mẹ́wàá, wọn yóò ní ewé kan ni ó kù, wọn kò sì ní ka àwọn mẹ́wàá náà mọ́ ọn. Sáyẹ́ǹsì kò sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a ka ẹni tí oògùn jẹ́ fún àti ẹni tí kò jẹ́ fún pọ̀, kí a tó ṣe ìdájọ́. Kò sí ibi tí ìbéèrè yìí ti ṣe pàtàkì tó ọ̀rọ̀ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ó ń bọ̀ yóò ti fi hàn.

2.0 Irú Àìsàn tí Fòníkú-fọ̀ladìde Jẹ́

Orúkọ àìsàn yìí ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ̀rora lónìí bí ẹni pé kò ní rí ojúmọ́ lè dìde ní ọ̀la kí ó máa ṣeré. Àwọn mìíràn ń pè é ní arọ́mọléegun nítorí ìrora tí ó máa ń wà nínú eegun. Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé, àwọn onímọ̀ kan gbà pé díẹ̀ lára àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú ni ó jẹ́ pé àìsàn yìí ni ó pa wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn.

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, tẹ ìròyìn jáde nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ká bíi dòjé, èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Grenada. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglobínì ni àléébù náà wà. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé ásíìdì àmínò kan ṣoṣo ni ó yí padà: valine ni ó gba ipò glutamic acid.

Hẹmoglobínì ni èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ti ẹni tí ó jẹ́ AA máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, yálà ó gbé ọ́síjìn dání tàbí ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ti ẹni tí ó jẹ́ SS kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti sọ ọ́síjìn kalẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra bí ọ̀pá gígùn, ọ̀pá náà yóò sì na sẹ́ẹ̀lì títí yóò fi ká bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó rọ̀, kí ó lè gba inú iṣan tóóró kọjá, yóò wá le gbagidi. Yóò dí ojú iṣan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé ni ìrora yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í sì pẹ́ láyé. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lè má lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń wọ́n lára aláìsàn náà.

Láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jẹ́ SS, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí fún oyún kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rò pé bí ọmọ mẹ́ta bá ti bọ́, ẹ̀kẹrin ni yóò jẹ́ SS, tàbí pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta ayò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

3.0 Igi Àtà àti Ìwádìí Ifẹ̀

Igi ẹlẹ́gùn-ún ni àtà. Zanthoxylum zanthoxyloides ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí. Fagara zanthoxyloides ni ó wà nínú àwọn ìwé àtijọ́. Ó ń hù ní ọ̀dàn àti ní igbó etí òkun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Egbò rẹ̀ ni àwọn Yorùbá ń gé ní orín. Ẹni tí ó bá run orín àtà yóò mọ̀ ọ́n láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, nítorí pé ó máa ń ta ahọ́n, ahọ́n yóò sì dàbí ẹni pé ó kú fún ìgbà díẹ̀.

Orín yìí ni ó gbé àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀. Yunifásítì náà ni a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wá kì í ṣe oògùn fòníkú-fọ̀ladìde rárá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá omi egbò àtà lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí, kí wọ́n lè ṣàlàyé ìdí tí eyín ẹni tí ó ń run orín fi ń dára. Ẹ̀jẹ̀ wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn kòkòrò náà nínú àwo. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí omi egbò àtà bá kàn kò tètè pa àwọ̀ pupa rẹ̀ dà. Àkíyèsí kékeré yìí ni ó bí ìbéèrè ńlá: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí omi egbò náà bá kan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ SS?

Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà, onímọ̀ nípa egbòogi, àti W. A. Isaacs, onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí à ń pè ní Lloydia. Wọ́n ròyìn pé sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ká bíi dòjé padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí nígbà tí omi egbò àtà kàn án. Ní 1975, Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn kẹ́míkà kan tí wọ́n yọ láti inú egbò náà, ìyẹn 2-hydroxymethylbenzoic acid, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún kan náà, wọ́n tẹ ìròyìn mìíràn jáde lórí bóyá egbò náà léwu àti lórí àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ lára àwọn aláìsàn.

Iṣẹ́ náà kò dúró sí Ifẹ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí Burkina Faso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn àwọn kẹ́míkà mẹ́ta mìíràn láti inú egbò àtà, tí wọ́n sọ ní burkinabin A, B àti C, tí àwọn náà ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kí ó má ká. Ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ti ṣe egbò àtà pẹ̀lú bọmúbọmú pọ̀ di oògùn kan tí wọ́n ń pè ní FACA. Nítorí náà, kì í ṣe àròsọ pé ohun kan wà nínú egbò àtà tí ó ń bá sẹ́ẹ̀lì SS ṣe.

4.0 Ohun tí Ìgò Àyẹ̀wò Kò Lè Sọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń fo láti orí èsì inú ìgò bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ìdí mẹ́ta ni ó fi yẹ kí a rọra.

Èkíní ni ìwọ̀n. Nínú ìgò, omi egbò ni ó yí sẹ́ẹ̀lì ká. Lára ènìyàn, ohun tí a gbé mì yóò kọ́kọ́ gba inú ikùn kọjá, ẹ̀dọ̀ yóò fọ́ apá kan rẹ̀ túútúú, ìyókù yóò sì pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà márùn-ún lára àgbàlagbà. Ohun tí ó bá kan sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn èyí lè má tó nǹkan.

Èkejì ni ewu. Egbò tí ó ní kẹ́míkà kan tí ó wúlò lè ní òmíràn tí kò ṣeé fi ṣeré. Láti inú egbò àtà kan náà ni wọ́n ti yọ fagaronine, tí wọ́n ròyìn ní 1972 pé ó ń bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jà. Ohun tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń mu láìmọ ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí igi, ilẹ̀ tí ó hù sí àti bí wọ́n ṣe sá egbò rẹ̀ lè yí agbára rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣòro jù láti rí, fara pamọ́ sínú orúkọ àìsàn náà. Fòníkú-fọ̀ladìde: ìrora náà máa ń wá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ìrora le jù ni òbí máa ń sáré wá àgbo. Bí ọmọ náà bá mu àgbo lónìí, tí ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo ilé yóò ní àgbo ni ó ṣe é. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìrora náà ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ omi lásán ni wọ́n fún un. Ẹlẹ́rìí kan, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, kò lè mọ èyí tí ó jẹ́. Àwọn tí ó fún àìsàn náà ní orúkọ ti sọ ìṣòro yìí fún gbogbo ènìyàn láti ìgbà láéláé.

5.0 Àgbo tí Ó Di Kápúsù: Ẹ̀kọ́ Inú Niprisan

Ọ̀nà kan wà láti bọ́ nínú ìṣòro kẹta yìí, àgbo mìíràn ni ó sì fi hàn dáadáa. Àlùfáà P. O. Ogunyale ni ó ni àgbo náà, ìdílé rẹ̀ ni ó sì ti jogún rẹ̀. Èròjà mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Ó bá ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, ṣe àdéhùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe sì darí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Niprisan ni wọ́n sọ ọ́.

Wọ́n kó àwọn aláìsàn 82 jọ. Wọ́n ṣe kápúsù oríṣi méjì tí ó jọra: ọ̀kan ní àgbo nínú, èkejì kò ní ohun kan tí ó lè wo àìsàn. Kèké ni ó pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ lo èyí tàbí ìyẹn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì mọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n pààrọ̀ ọwọ́, kí ẹni tí ó ti ń lo èkíní bọ́ sórí èkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ìrora bá ń wá tí ó sì ń lọ fúnra rẹ̀, yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù ni a lè sọ pé iṣẹ́ àgbo ni. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé ìrora líle dínkù ní àsìkò tí wọ́n ń lo àgbo náà.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti máa ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Nàìjíríà ní 2006 lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, iṣẹ́ sì dojú rú. Àwọn aláìsàn tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé e ni ó jìyà rẹ̀. Èyí fi hàn pé egbòogi lè yege nínú àyẹ̀wò kí ó sì kọsẹ̀ nídìí owó.

Wọ́n ti yẹ òtílí náà wò ní irú ọ̀nà yìí, lára ọgọ́rùn-ún aláìsàn ní Èkó, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2005. Nígbà tí àwọn alágbèéyẹ̀wò ti àjọ Cochrane gbé ìwádìí lórí Niprisan àti òtílí lé orí òṣùwọ̀n, ìdájọ́ wọn ni pé ìrètí wà, ṣùgbọ́n iye ènìyàn inú àyẹ̀wò náà kò tó láti fi ọwọ́ sọ̀yà, ó sì yẹ kí a ṣe èyí tí ó gbòòrò sí i.

A lè fi èyí wé ìtàn haidirọ́síúríà, oògùn tí àwọn ilé-ìwòsàn ń lò. Àyẹ̀wò rẹ̀ tí ó jáde ní 1995 kan àgbàlagbà 299, ó sì fi hàn pé ìrora líle dínkù ní nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2019, ìwádìí lára àwọn ọmọdé tí ó lé ní 600 ní Angola, Congo, Kenya àti Uganda fi hàn pé ó dín ìrora, ibà àti ikú kù láàárín wọn. Ohun tí ó gbé oògùn yìí ga ju egbò àtà lọ kì í ṣe pé òyìnbó ni ó ṣe é. Ohun tí ó gbé e ga ni iye ènìyàn tí a kà, ẹni tí ó jẹ́ fún àti ẹni tí kò jẹ́ fún. Bí a bá ka iye ènìyàn bẹ́ẹ̀ fún egbò àtà, òun náà yóò mọ ibi tí ipò rẹ̀ wà.

6.0 Ohun tí Ó Kan Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti dókítà nìkan. Olùkọ́ ni ó ń bá ọmọ gbé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, òun sì ni òbí sábà máa ń bi léèrè. Bí òbí bá wí pé, "Olùkọ́, wọ́n ní àgbo kan wà tí ó ń sọ SS di AA," ìdáhùn tí ó tọ́ wà. Ohun tí a jogún láti ara òbí ni irú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí àgbo tí ó lè yí i padà. Ohun tí egbòogi tí ó dára lè ṣe, bí ìwádìí bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni kí ó dín ìrora kù.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò àgbo túmọ̀ sí pẹ̀lú. Àjọ náà máa ń forúkọ irú àgbo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ ọ́ sí pé àjọ náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò ohun tí ẹni tí ó ń tà á sọ pé ó ń wò. Kíka àkọlé yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì láìná owó.

Nínú kíláàsì, kí ọmọ náà máa mu omi dáadáa, kí a sì gbà á láàyè láti jáde lọ tọ̀ nígbàkigbà. Kí a má ṣe fi í sínú òjò tàbí òtútù, kí a má sì nà án nítorí pé kò lè sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ funfun lójijì, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kò lágbára mọ́, ilé-ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ibà lára ọmọ SS lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè bá àwọn kòkòrò kan jà bí ti ẹlòmíràn. Àkókò yìí kì í ṣe àkókò tí à ń se àgbo. Bí ọmọ náà bá sì ti ń mu àgbo kan tẹ́lẹ̀, kí òbí sọ ọ́ fún dókítà láìfi ohunkóhun pamọ́. Dókítà tí ó bá bu òbí nítorí àgbo ń kọ́ ọ láti máa purọ́ ni.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé orín tí àwọn baba ńlá Yorùbá ń run ni ó ṣí ilẹ̀kùn ìwádìí kan ní Ifẹ̀, àti pé ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó tún ti fi hàn pé òótọ́ inú ìgò kò tíì di ìwòsàn títí a ó fi kà á lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọgbọ́n ìbílẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó yẹ kí a gbẹ́. Sáyẹ́ǹsì ni ó ń sọ ohun tí a gbẹ́ jáde àti ìwọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ìjọba ná owó sórí àyẹ̀wò tí ó gbòòrò lórí egbò àtà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn tí kò ní rẹ́ àwọn tí ó ni ìmọ̀ náà jẹ. Ní ti olùkọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kọ́ ọmọ ní ìbéèrè kan tí yóò máa bi nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní oògùn kan jẹ́: ènìyàn mélòó ni ó lò ó, mélòó ni ó sì jẹ́ fún nínú wọn?